Òṣèlú Abẹ́lé àti Ìlànà Àyípadà Ojú Ọjọ́: Ọ̀rọ̀ Owó Ìrànwọ́ Orí Epo

Ìlànà àyípadà ojú ọjọ́ ni ìpinnu tí ìjọba ṣe láti dín èéfín tó ń mú ayé gbóná kù, tàbí láti gba aráàlú lọ́wọ́ ọ̀dá òjò àti omíyalé. Òṣèlú abẹ́lé ni ìjà lórí ẹni tí yóò san owó rẹ̀ àti ẹni tí yóò jẹ èrè rẹ̀.

Ó pẹ́ tí àwọn onímọ̀ kan ti ń sọ pé àìmọ̀kan aráàlú ni kì í jẹ́ kí irú ìlànà bẹ́ẹ̀ fìdí múlẹ̀. Irọ́ ni. Owó ìrànwọ́ orí epo bẹntiróòlù ní Nàìjíríà tó láti fi já irọ́ wọn. Epo tí ìjọba bá bá ará ìlú san lára owó rẹ̀, jíjó ni wọ́n ń jó o láìṣírò. Ìdí nìyẹn tí àwọn tó ń rí sí ojú ọjọ́ fi fẹ́ kí ìrànwọ́ náà kúrò. Ní ọjọ́ 1 oṣù Kìíní 2012, ìjọba Ààrẹ Goodluck Jonathan yọ ọ́, bó tilẹ̀ jẹ́ pé àpò ìjọba ló ń rò. Lítà kan fò láti ₦65 sí nǹkan bí ₦141. Àwọn tó lọ ṣọdún nílé kò rówó ọkọ̀ padà. Ní ọjọ́ 9, àwọn ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́ NLC àti TUC bẹ̀rẹ̀ ìyanṣẹ́lódì, èrò sì kún Ọjọ́ta l'Ékòó fọ́fọ́. Nígbà tó di ọjọ́ 16, ìjọba dín in kù sí ₦97. Ẹni tó bá dé Ọjọ́ta lọ́sẹ̀ náà mọ̀ pé ìṣirò ló kó èrò jáde: nínú gbogbo ọrọ̀ epo ilẹ̀ yìí, epo olówó pọ́ọ́kú nìkan ló ń dé ọwọ́ mẹ̀kúnnù nígbà náà, tó fi ń wọ danfó, tó fi ń tan jẹnẹrétọ̀. Ó yẹ kí àwọn ọ̀mọ̀wé ti ro èyí kí wọ́n tó pe aráàlú ní òpè.

Bọ́lá Tinubu, aṣíwájú ẹgbẹ́ alátakò ACN nígbà náà, lòdì sí ìyọkúrò yẹn. Òun náà ló kéde ní ọjọ́ 29 oṣù Karùn-ún 2023, ọjọ́ tó gorí àlééfà gẹ́gẹ́ bí ààrẹ, pé owó ìrànwọ́ ti dópin. Ìmọ̀ sáyẹ́ǹsì kò yí padà láàárín. Ipò ló yí, gbèsè ti wọ ìjọba lọ́rùn, ìdìbò mìíràn sì ṣì jìnnà.

Bákan náà ni sísun gáàsì tó ń bá epo rọ̀bì jáde. Òfin 1979 ní kó dópin ní 1984, ṣùgbọ́n ìjọba ni alájọni àwọn iléeṣẹ́ epo. Iná náà ṣì ń jó ní Niger Delta.

Kì í ṣe Nàìjíríà nìkan. Ní Amẹ́ríkà, 95 sí òdo ni àwọn sẹ́nétọ̀ dìbò ní 1997, kí àdéhùn Kyoto, àdéhùn àgbáyé lórí dídín èéfín kù, tó wáyé, pé àwọn kò ní gba àdéhùn tó bá yọ àwọn orílẹ̀-èdè tó ń gòkè àgbà sílẹ̀. Ààrẹ Bill Clinton kò gbé àdéhùn Kyoto wá síwájú wọn rí.

Ní ti Nàìjíríà, ó ní òfin àyípadà ojú ọjọ́ tirẹ̀ láti 2021. Ààrẹ orílẹ̀-èdè ni alága ìgbìmọ̀ tí òfin náà dá sílẹ̀; ọwọ́ olóṣèlú ló ṣì wà.