Yíyan Dùùrù Inú Kọ̀ǹpútà



Dùùrù piano gidi wúwo, owó rẹ̀ sì ga. Ọ̀rinrin ilẹ̀ igbó wa a sì máa ba ohùn rẹ̀ jẹ́. Nítorí náà ni ọ̀pọ̀ ọ̀dọ́ olórin ṣe ń lo èyí tó wà nínú kọ̀ǹpútà. Èwo ni kí a yàn?

Oríṣi méjì ló wà. Ti èkíní, ohùn dùùrù gidi ni wọ́n gbà sílẹ̀. Salamander Grand Piano, tí wọ́n gbà láti ara Yamaha C5, ní ìpele títẹ̀ 16, láti orí jẹ́jẹ́ dé orí líle. Ọ̀fẹ́ sì ni. Ti èkejì, bíi Pianoteq, ìṣirò ló fi ń dá ohùn, kì í sì í gba àyè púpọ̀.

Ìwọ̀n eku nìwọ̀n ìtẹ́. Bí ẹ bá ra èyí tó tóbi ju agbára kọ̀ǹpútà yín lọ, ṣe ni ohùn yóò máa já, owó a sì ṣòfò. Ẹ kọ́kọ́ dán an wò. Ẹ tẹ ibì kan jẹ́jẹ́, kí ẹ tún tẹ̀ ẹ́ kíkankíkan. Lára dùùrù gidi, títẹ̀ líle a máa mú ohùn ró gbọnmọgbọnmọ, kì í ṣe pé ó kàn pariwo sí i. Ẹ wá kọ orin Yorùbá lé e lórí. Èyí tí kò bo ọ̀rọ̀ orin mọ́lẹ̀ ni kí ẹ mú.