Arólákẹ́ ló ni àdó

Lálẹ́ àná ní Idigny, àwa mẹ́fà la rọ̀gbà yí fóònù kan ká lójúde, à ń wo Aníkúlápó, eré àtìgbàdégbà tí Kúnlé Afọláyan gbé jáde lórí Netflix ní 2024, lẹ́yìn fíìmù ti 2022. Àwọn ọmọ ń ka Faransé tó wà nísàlẹ̀. Ìyá àgbà kò wo ibẹ̀ rárá, Yorùbá inú rẹ̀ tó o. Saro, akọni eré náà, ni gbogbo wọn ń kan sáárá sí. Èmi kọ̀. Nínú fíìmù yẹn, ta ló já àdó tó ń jí òkú dìde gbà lọ́wọ́ ẹyẹ àkàlà? Arólákẹ́ ìyàwó rẹ̀ ni! Saro kàn ń gba ọpẹ́ kiri, ó tún ń fẹ́yàwó kún ìyàwó. Ìyá àgbà ní, “Ọmọ mi, jẹ́ n gbọ́ ohun tí wọ́n ń sọ.” Ni bátìrì bá kú.