Ọ̀rọ̀ Ìbúra Kì Í Ṣe ti Ẹnì Kan

 

Ní oṣù kẹrin ọdún 1996, Mathieu Kérékou, tí ó tún padà wọlé ìbò, dúró níwájú gbogbo Bẹ̀nẹ̀ láti búra. Òfin Ìpìlẹ̀ ọdún 1990 ti to ọ̀rọ̀ ìbúra náà sílẹ̀: níwájú Ọlọ́run, níwájú ẹ̀mí àwọn baba ńlá, níwájú orílẹ̀-èdè àti gbogbo ará ìlú. Kérékou fo ti àwọn baba ńlá. Onígbàgbọ́ ni, ọ̀pọ̀ ènìyàn sì sọ pé ìdí nìyẹn. Ilé-Ẹjọ́ Òfin Ìpìlẹ̀ dájọ́ pé ìbúra náà kò bá òfin mu. Kò pẹ́ tí Ààrẹ fi padà wá búra lẹ́ẹ̀kejì, kò sì yọ ọ̀rọ̀ kankan.

Ilé-ẹjọ́ kò ní kí ó lọ bọ òrìṣà o. Ṣọ́ọ̀ṣì rẹ̀ wà níbẹ̀, àdúrà rẹ̀ wà níbẹ̀. Abala 23 òfin kan náà fún un lẹ́tọ̀ọ́ sí i. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ ìbúra kì í ṣe tirẹ̀. Ti ìlú ni.

Bẹ́ẹ̀ náà ni gbohùngbohùn kọ́múùnù. Bí ẹni tí a dìbò yàn bá ní kí gbogbo ìpàdé dìde gbàdúrà ní ọ̀nà ẹ̀sìn tirẹ̀ nìkan, ẹnì kan á jókòó níbẹ̀ tí yóò máa bi ara rẹ̀ pé, “Ṣé èmi kì í ṣe ọmọ ìlú yìí ni?” Owó orí tirẹ̀ náà wà nínú àpò kọ́múùnù.

Ọ̀rọ̀ náà kan àwọn oníṣẹ̀ṣe pẹ̀lú. Ìjọba fún wọn ní ìsinmi ní oṣù kìíní, bí ó ti fún àwọn yòókù ní Kérésìmesì àti Iléyá. Bí mẹ́ẹ̀rì tí ó jẹ́ mùsùlùmí bá wá sí ibi ọdún, kí ẹnikẹ́ni má fi dandan mú un jẹ obì. Bí ó bá dákẹ́ nígbà ìjúbà, kí ẹnikẹ́ni má bínú. Wíwá tí ó wá, ó ti bọ̀wọ̀ fún ìlú.

Ọ̀nà kan kò wọ ọjà. Ẹ̀yin tí ìlú dìbò yàn, kí ẹ tó fi àdúrà ṣí ìpàdé, ẹ kọ́kọ́ wo ojú àwọn tí ó jókòó. Ẹ jẹ́ kí kálukú gba tirẹ̀ nínú ọkàn, kí iṣẹ́ ìlú sì bẹ̀rẹ̀.

Ọdún á yabo o.