Àwọn Tó Sọ Ilẹ̀ Di Ọ̀wọ́n: Ilé Ìpọntí Truman àti Ọ̀la Brick Lane

 

Ọ̀rọ̀ mi dá lórí ilẹ̀ kan ní ìlà-oòrùn Lọ́ńdọ̀nù, ní òpópónà Brick Lane, níbi tí ilé-iṣẹ́ Truman ti pọn bíà fún ohun tó lé ní ọ̀ọ́dúnrún ọdún. Láti 1989 ni iṣẹ́ ọtí ti kásẹ̀ nílẹ̀ níbẹ̀. Ní báyìí, àwọn tó ni ilẹ̀ náà fẹ́ sọ ọ́ di àdúgbò tuntun tí ọ́fíìsì, ṣọ́ọ̀bù, ilé gbígbé àti ibi ìgbafẹ́ yóò wà pọ̀. Ìbéèrè kan ṣoṣo ni mo gbé wá: nígbà tí ilẹ̀ àtijọ́ bá di ọ̀wọ́n, ta ló sọ ọ́ di ọ̀wọ́n, kí sì ni ẹ̀tọ́ onítọ̀hún lórí rẹ̀?

Kí ẹnikẹ́ni má rò pé ọ̀rọ̀ yìí kò kan Yorùbá. Ní 1808, ọ̀dọ́mọkùnrin kan tó ń jẹ́ Thomas Fowell Buxton bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní ilé ìpọntí yìí, kò sì pẹ́ tó fi di ọ̀kan lára àwọn tó ni ín. Òwò bíà ló ń bọ́ ọ, ṣùgbọ́n ìjà tó bá òwò ẹrú jà ló sọ ọ́ di ẹni ńlá. Òun ló gba ọ̀pá àṣẹ ìjà náà lọ́wọ́ Wilberforce nílé ìgbìmọ̀ aṣòfin, òun ló sì léwájú títí òfin tó fòpin sí oko ẹrú lábẹ́ ìjọba Gẹ̀ẹ́sì fi jáde ní 1833. Ìmọ̀ràn rẹ̀ náà ló bí ìrìn-àjò ojú Odò Ọya ti 1841, èyí tí Samuel Àjàyí Crowther, ọmọ Yorùbá, bá wọn lọ. Ibà pa púpọ̀ nínú àwọn òyìnbó tó wà nínú ọkọ̀, ìrìn-àjò náà sì forí ṣánpọ́n, àmọ́ ibẹ̀ ni àwọn míṣọ́nnárì ti rí ohun tí Crowther lè ṣe. Wọ́n mú un wá kàwé ní Lọ́ńdọ̀nù, ó di àlùfáà ní 1843, nígbà tó sì di 1846, ó ti wà ní Abẹ́òkúta. Ilé tí a ń sọ yìí wà nínú ìtàn wa.

Ẹ jẹ́ ká wo àdúgbò náà fúnra rẹ̀. Òpó èéfín gíga ilé ìpọntí náà ṣì dúró, wọ́n kọ TRUMAN sí i lára láti òkè bọ̀ wá sísàlẹ̀. Ẹ rìn síwájú díẹ̀ lójú pópó kan náà, ẹ ó bá mọ́ṣáláṣí kan ní oríta Fournier Street. Ẹ gbójú sókè síbi tí wọ́n ya aago oòrùn sí lára ògiri rẹ̀, ẹ ó rí ọdún 1743. Àwọn Huguenot, Kristẹni tó sá kúrò ní ilẹ̀ Faransé nítorí inúnibíni, tí púpọ̀ nínú wọn jẹ́ ahunṣọ ṣẹ́dà, ló kọ́ ọ ní ṣọ́ọ̀ṣì. Àwọn ọmọ ìjọ Mẹ́tọ́díìsì lò ó lẹ́yìn wọn. Ní 1898, àwọn Júù sọ ọ́ di sínágọ́gù. Ní 1976, àwọn Mùsùlùmí tó wá láti Bangladesh sọ ọ́ di mọ́ṣáláṣí. Inú ògiri kan náà ni gbogbo wọn ti gbàdúrà.

Àwọn ará Bangladesh yìí kò bá ìrọ̀rùn níbẹ̀. Ní oṣù Karùn-ún 1978 ni àwọn ẹlẹ́yàmẹ̀yà pa Altab Ali, ọ̀dọ́ òṣìṣẹ́ ilé aránṣọ, bó ṣe ń ti ibi iṣẹ́ bọ̀. Ẹgbẹẹgbẹ̀rún ènìyàn tẹ̀ lé pósí rẹ̀ dé ẹnu ọ̀nà olórí ìjọba. Àwọn tó dúró tí wọn kò sá ló jẹ́ kí òpópónà náà di ibi tí ẹnikẹ́ni lè fẹsẹ̀ rìn lọ jẹun lálẹ́. Nígbà tí ilé ìpọntí kógbá wọlé, àwọn ayàwòrán, aránṣọ, olórin àti ọlọ́jà kéékèèké wọ inú gbọ̀ngàn òfìfo rẹ̀ nítorí pé owó rẹ̀ kò ga. Wọ́n dá ọjà ọjọ́ Àìkú sílẹ̀ níbẹ̀, ṣọ́ọ̀bù rẹ́kọ́ọ̀dù dé, àwọn àlejò bẹ̀rẹ̀ sí wọ́ wá. Jane Jacobs, òǹkọ̀wé nípa ọ̀rọ̀ ìlú ńlá, ti ṣàlàyé rẹ̀ láti 1961 pé ilé àtijọ́ tí owó rẹ̀ kò ga ni òwò tuntun ti ń rí ibi fẹsẹ̀ lé. Iye tí ilẹ̀ náà wá ń pa lónìí kò ti inú bíríkì jáde. Àwọn ènìyàn wọ̀nyí ló fi òógùn wọn dá a.

Nígbà tí àbá àkọ́kọ́, ti kíkọ́ ọ́fíìsì àti ṣọ́ọ̀bù sí apá kan ilẹ̀ náà, dé iwájú ìjọba ìbílẹ̀ Tower Hamlets, lẹ́tà tó lé ní 7,000 ló ta kò ó. Síbẹ̀, wọ́n fọwọ́ sí i ní 2021. Àwọn alátakò pe ẹjọ́, ẹjọ́ náà sì gòkè títí dé Ilé-ẹjọ́ Gíga Jùlọ, níbi tí wọ́n ti dá ẹjọ́ wọn nù ní 2025. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ fiyè sí ohun tí àwọn adájọ́ gbé yẹ̀ wò. Bóyá káńsẹ́lọ̀ tí kò sí ní ìpàdé àkọ́kọ́ lè dìbò ní ìpàdé kejì ni wọ́n ń jiyàn lé. Bóyá ilé náà yóò ṣe aráàlú lóore kò sí lára ohun tí kóòtù lè dá. Ẹni tó bá fi gbogbo ìrètí rẹ̀ sọ́dọ̀ adájọ́ ti pẹ́ kó tó jáde nílé.

Àwọn kan á ní kò sí ọ̀nà mìíràn, pé ẹni tó ní owó ló máa ń pinnu. Irọ́ ni. Ẹ lọ sí etí odò Thames, sí Coin Street. Láti 1977 ni àwọn ará ibẹ̀ ti ń bá àwọn tó fẹ́ kọ́ ọ́fíìsì àti hòtẹ́ẹ̀lì fà á. Ní 1984, ìjọba Lọ́ńdọ̀nù ta éékà ilẹ̀ mẹ́tàlá fún ẹgbẹ́ àwọn ará àdúgbò náà ní £750,000. Wọ́n mú Oxo Tower Wharf, ilé ìkẹ́rùsí àtijọ́ tí ilé-iṣẹ́ ẹran lò rí, wọ́n tún un ṣe, ó sì ṣí ní 1996. Fúláàtì 78 wà nínú rẹ̀ tí àwọn tó ń gbé ibẹ̀ jọ ń ṣàkóso, ṣọ́ọ̀bù àwọn oníṣẹ́-ọnà wà nísàlẹ̀ wọn, ilé oúnjẹ olówó ńlá wà lókè pátápátá. Ilé náà lẹ́wà, òwò ń lọ níbẹ̀, àwọn aráàlú sì ń gbé inú rẹ̀. Ohun tó yàtọ̀ ni pé àwọn ará àdúgbò ló ni ilẹ̀.

Nítorí náà, ohun méjì ni mo ń béèrè fún Brick Lane àti fún gbogbo irú ilẹ̀ bẹ́ẹ̀. Èkíní, kí ìlérí ilé gbígbé tí apá mẹ̀kúnnù ká àti ṣọ́ọ̀bù olówó pọ́ọ́kú wà nínú àdéhùn kí wọ́n tó fọwọ́ sí ìwé àṣẹ ìkọ́lé. Abala 106 nínú òfin ìgbèrò ìlú ti 1990 fún ìjọba ìbílẹ̀ lágbára láti fi irú àdéhùn bẹ́ẹ̀ de ẹni tó ń kọ́lé. Ìdílé tó lé ní 20,000 ló tò dúró de ilé ìjọba ní Tower Hamlets. Ìlérí ẹnu lásán kò lè fún wọn nílé. Èkejì, kí apá kan ilẹ̀ náà wà lọ́wọ́ ẹgbẹ́ àwọn ará àdúgbò títí láé, kí owó tó bá ń ti ibẹ̀ wọlé máa gbé wọn ró. Èmi kò lòdì sí ilé tuntun. Ilé tí a fi sílẹ̀ kó wó kò ṣe ìtàn lóore kankan. Ṣùgbọ́n Yorùbá gbà pé èèyàn laṣọ: ilẹ̀ tí a bá tún ṣe tí a sì lé àwọn tó mú un gbayì kúrò, ìhòòhò la tún bọ́ ọ sí.

Ẹ̀yin ọmọ Yorùbá tó ní ṣọ́ọ̀bù ní Peckham, ẹ̀yin tó ń gbé ní Deptford àti Woolwich, tiyín ni mo ń sọ. Nígbà tí wọ́n bá lẹ ìwé ìgbèrò mọ́ òpó iná ládùúgbò yín, ẹ dúró kà á. Ọjọ́ mọ́kànlélógún ni òfin sábà máa ń fúnni láti fèsì. Ẹ kọ lẹ́tà, ẹ fi orúkọ yín sí i, ẹ pe aládùúgbò yín láti kọ tirẹ̀, ẹ sì lọ jókòó ní ìpàdé káńsù ní ọjọ́ ìpinnu.