ETÍ INÚ ÀTI IṢẸ́ GEORG VON BÉKÉSY
Ọ̀rọ̀ tí a sọ níwájú ìpàdé ẹgbẹ́



Bí ẹnìkan bá wí fún wa pé ọkọ, ọkọ́ àti ọkọ̀ kò yàtọ̀ sí ara wọn, ẹ̀rín ni a ó fi rín. Ohùn ni ó yà wọ́n sọ́tọ̀. Ẹni tí etí rẹ̀ kò bá mọ ohùn òkè yàtọ̀ sí ohùn ìsàlẹ̀ kò lè gbọ́ èdè wa ní àgbọ́yé. Níbo nínú ara ènìyàn ni a ti ń ya ohùn kan sọ́tọ̀ kúrò lára èkejì? Ẹni tí ó fi ọjọ́ ayé rẹ̀ wá ìdáhùn sí ìbéèrè yìí ni mo fẹ́ sọ ìtàn rẹ̀ lónìí.

A bí Georg von Békésy ní ìlú Budapest, ní ilẹ̀ Hungary, ní 1899. Ní 1923 ó gba oyè dókítà nínú ẹ̀kọ́ físíìsì, ó sì wọ iṣẹ́ ní ibi ìwádìí ti ilé ìfìwéránṣẹ́ ìjọba, tí ó ń bójú tó tẹlifóònù. Kì í ṣe oníṣègùn. Ṣùgbọ́n ó rí i pé, kí a tó lè mọ bí ó ti yẹ kí tẹlifóònù dára tó, a ní láti kọ́kọ́ mọ bí etí tí yóò gbọ́ ọ ti ń ṣiṣẹ́. Abéèrè kì í ṣìnà: ìbéèrè kan yìí ni ó gbé e dé inú etí.

Lẹ́yìn awọ ìlù etí ni eegun kéékèèké mẹ́ta wà. Wọn a gbé ìró lọ sínú ihò eegun kan tí ó ká bí ìkarahun ìgbín, ní ìká méjì àbọ̀. Bí a bá nà án tán, gígùn rẹ̀ jẹ́ nǹkan bí mílímítà 35. Omi ni ó kún inú rẹ̀, awọ tẹ́ẹ́rẹ́ kan sì nà láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin rẹ̀. Lórí awọ náà ni àwọn sẹ́ẹ̀lì onírun tò sí, nǹkan bí 15,000 nínú etí kọ̀ọ̀kan. Àwọn ni wọ́n ń sọ ìró di ìhìn tí iṣan ń gbé lọ sí ọpọlọ.

Ṣáájú rẹ̀, ní ọ̀rúndún 19, Helmholtz, ọ̀mọ̀wé ará Jámánì, ti kọ́ni pé inú etí dàbí dùùrù, tí okùn kọ̀ọ̀kan ń dáhùn sí ohùn tirẹ̀. Békésy fẹ́ fi ojú ara rẹ̀ rí i. Ó gba etí inú òkú ènìyàn, ó fi irinṣẹ́ kéékèèké tí òun fúnra rẹ̀ rọ là á nínú omi, ó bu fàdákà lúbúlúbú sí ara awọ náà, ó sì fi iná tí ń ṣẹ́jú wìrìwìrì wò ó. Ìgbì ni ó rí: ìgbì tí ó gbéra láti ẹnu ọ̀nà, tí ó ń ga sí i bí ó ti ń lọ, tí ó ga jù ní ibì kan, tí ó sì rọlẹ̀. Bí ó bá jẹ́ ohùn tínrín bí ti gúdúgúdú, ẹ̀bá ẹnu ọ̀nà ni ìgbì náà ti ń ga jù. Bí ohùn bá wá nípọn, yóò rìn jìnnà sí ọ̀nà ṣóńṣó ìgbín náà. Ó wo etí oríṣiríṣi ẹranko, láti orí eku títí dé erin, ó sì rí i pé bẹ́ẹ̀ ni ó rí.

Lẹ́yìn Ogun Àgbáyé Kejì, ní 1946, ó lọ sí ilẹ̀ Sweden. Ní 1947 ó dé Yunifásítì Harvard ní Amẹ́ríkà. Ní 1961 a fún un ní Ẹ̀bùn Nobel nítorí iṣẹ́ yìí. Ní 1966 ó kọjá sí Hawaii, níbẹ̀ ni ó sì kú sí ní 1972.

Síbẹ̀ òkú kò lè ròyìn gbogbo ohun tí alààyè ń ṣe. Ní 1978, David Kemp fi hàn ní London pé etí alààyè a máa sọ ìró fẹ́ẹ́rẹ́ padà síta, nítorí pé àwọn sẹ́ẹ̀lì onírun a máa fi agbára tiwọn kún ìgbì náà. Láti inú èyí ni a ti rí ọ̀nà láti yẹ etí ọmọ tuntun wò nígbà tí ó bá ń sùn, láàárín ìṣẹ́jú díẹ̀, láìsí ìrora.

Ẹ̀yin àgbà, ìdí ọ̀rọ̀ mi nìyí. Ní 1988 a fi hàn pé sẹ́ẹ̀lì onírun tí ó bá kú lára ẹyẹ a máa hù padà. Ti ènìyàn kì í hù padà. Ariwo ńlá a máa pa á. Gbohùngbohùn tí a ń kọjú sí àwọn ọmọdé níbi ayẹyẹ wà lára ohun tí ń ṣe é. Ọmọ tí a pè tí kò dáhùn ni a sì ń nà, tí a ń pè ní olóríkunkun, nígbà tí ó jẹ́ pé kò gbọ́ rárá. Mo bẹ̀ yín, kí ẹ tó gbé pàṣán, ẹ gbé ọmọ lọ sí ibi tí a ó ti yẹ etí rẹ̀ wò. Ẹ̀yin Ìjòyè, ẹ bá wa béèrè fún àyẹ̀wò ọmọ tuntun ní ilé ìwòsàn ìlú yín. Ẹgbẹ́ tí ó wí pé òun fẹ́ kí èdè baba wa má parun ní láti ṣọ́ etí tí yóò gbọ́ èdè náà.