Ctrl+W àti kọ̀ǹpútà ọ́fíìsì ẹgbẹ́

Ọ̀rọ̀ mi ò gùn.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń ti Èkó tàbí London wọ kọ̀ǹpútà ọ́fíìsì wa nílé pẹ̀lú Chrome Remote Desktop, ẹ ti rí i: èèyàn ń kọ ìwé owó lọ́wọ́, ó tẹ Ctrl+W kó lè pa fáìlì kan dé, àfi fìrì, gbogbo rẹ̀ pòórá! Iná kọ́, dátà kọ́. Chrome tó wà níwájú yín ló kọ́kọ́ gbọ́ àṣẹ yẹn, ló bá pa tab tirẹ̀ dé. Bákan náà ni Ctrl+T àti Ctrl+N.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má tún owó yẹn kọ sínú fáìlì míì o! Báyẹn la ṣe ń rí owó kan náà lẹ́ẹ̀mejì. Fáìlì yín ṣì wà ní ṣíṣí lọ́hùn-ún, ẹ kàn padà wọlé ni.

Kó má baà ṣẹlẹ̀, ẹ ṣí àwọn ètò tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́, kẹ́ ẹ yan Full-screen. Chrome á wá jẹ́ kí àwọn àṣẹ yẹn kọjá dé ilé. Tẹ́ ẹ bá fẹ́ jáde, ẹ tẹ Esc mọ́lẹ̀ díẹ̀. Ctrl+Alt+Del ni kì í gbà bẹ́ẹ̀. Inú àwọn ètò yẹn náà lẹ ti máa tẹ tirẹ̀.