Ààrò Mẹ́ta Kì í Da Ọbẹ̀ Nù: Bí A Ṣe Lè Kọ́ Ọmọdé Láti Gbé Ara Rẹ̀ Dúró

Ẹ má jẹ́ kí ó yà yín lẹ́nu pé olùkọ́ èdè ni a pè láti wá sọ̀rọ̀ lórí eré ìdárayá. Ọ̀rọ̀ ẹnu olùkọ́ ni mo bá wá.

Ní ọjọ́ kan, mo wà níbi tí ilé-ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ kan ti ń múra fún àṣeyẹ ìparí ọdún. Olùkọ́ ní kí ọmọdébìnrin kan fi ọwọ́ dúró, kí ó na ẹsẹ̀ sókè. Apá ọmọ náà ń gbọ̀n. Olùkọ́ jágbe mọ́ ọn pé, 'Dúró dáadáa!' Ọmọ náà ṣubú, eegun ọrùn ọwọ́ rẹ̀ sì kán. Mo bi ara mi léèrè pé: kí ni 'dáadáa' yẹn sọ fún ọmọ tí kò mọ ibi tí òun yóò gbé ìwúwo ara òun lé?

Ààrò mẹ́ta kì í da ọbẹ̀ nù, nítorí pé àárín ohun tí ó gbé ìkòkò ró ni ìkòkò jókòó sí. Bẹ́ẹ̀ gan-an ni ara ènìyàn rí. Bí ibi tí ara fi kanlẹ̀ bá gbòòrò, tí ara sì sún mọ́ ilẹ̀, yóò dúró. Bí ibẹ̀ bá kéré, tí ara sì ga, ìṣubú kò jìnnà. Nítorí náà, láti ilẹ̀ ni kí a ti bẹ̀rẹ̀.

Èkíní, kí ọmọ dọ̀bálẹ̀, kí ó fi àtẹ́lẹwọ́ méjèèjì àti ọmọ ìka ẹsẹ̀ gbé ara rẹ̀ sókè, kí ẹ̀yìn rẹ̀ gún bí pákó. Kí a ka ení, èjì, ẹ̀ta, kí ó sì sinmi. Èyí ni yóò fún apá àti ikùn ní agbára. Èkejì, kí ó dúró lórí ẹsẹ̀ kan bíi lékeléke, kí ó na apá méjèèjì, kí ó sì tẹjú mọ́ ohun kan tí kò mì. Ẹ̀kẹta, kí ó lóṣòó bí ọ̀pọ̀lọ́ lórí koríko tàbí ẹní, kí ó tẹ àtẹ́lẹwọ́ mọ́lẹ̀, kí ó gbé inú orúnkún lé ìgbọ̀nwọ́, kí ó rọra tẹ̀ síwájú títí ẹsẹ̀ yóò fi kúrò nílẹ̀ díẹ̀. Ìgbà tí ó bá mọ gbogbo ìwọ̀nyí dájú ni a tó lè sọ̀rọ̀ fífi ọwọ́ dúró, kí olùkọ́ sì wà nítòsí láti di itan rẹ̀ mú.

Ní ọdún 1976, ní Montreal, Nadia Comaneci, ọmọ ọdún 14 láti Romania, di obìnrin àkọ́kọ́ tí ó gba 10 nínú 10 nínú irú eré yìí ní ìdíje Òlíńpíìkì. Igi tí irú wọn ń rìn lórí rẹ̀ kò fẹ̀ ju sẹ̀ǹtímítà 10 lọ. Kò pọn dandan kí a ra irú igi bẹ́ẹ̀. Ẹ fi ṣọ́ọ̀kì fa ìlà méjì sílẹ̀, kí àlàfo wọn jẹ́ sẹ̀ǹtímítà 10, kí ọmọ máa rìn láàárín wọn. Bí ó bá tilẹ̀ yẹ̀, ilẹ̀ náà ni ó wà.

Apá tí ń gbọ̀n kì í ṣe àmì ọ̀lẹ. Agbára ni kò tíì tó, ẹgba kò sì lè fún un ní agbára. Dípò 'Dúró dáadáa', ẹ wí pé: 'Fẹ ìka ọwọ́ rẹ. Tẹ ilẹ̀. Wo iwájú. Mí.' Ọ̀rọ̀ tí ọmọ lè fi ara rẹ̀ ṣe ni ọ̀rọ̀ olùkọ́.